Àádọ́rin Èènì

Ìyá Èènì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin oníbúrẹ́dì náà, orúkọ ọ̀hún sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá fi orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ó lè máà wẹ̀yìn wò. Ohun tó fà á kò ju èyí lọ: ẹni tó bá ra búrẹ́dì mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá mọ́kànlá nínú ọ̀rá. Kò sì mọ sórí ọjà títà. Bí ó bá ń wọn ìyẹ̀fun, bí ó bá ń wọn ṣúgà tàbí iyọ̀, kọ́ọ̀bù yóò kún tán, yóò tún fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ lé e lórí. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń yan búrẹ́dì, ọwọ́ tó bá sì ti mọ ọ̀nà kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ojú mọ́. Àwọn oníbàárà kan a máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé búrẹ́dì Ìyá Èènì dùn, àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ti bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ni yóò sọ ọ́ lójú rẹ̀? Ẹni tó ń fúnni ní mọ́kànlá dípò mẹ́wàá, ta ni yóò bá a jiyàn iyọ̀?

Lọ́jọ́ tí ẹja dé, Ìyá Èènì kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fi búrẹ́dì kan lé ẹni tó fẹ́ ra méjì lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan, nígbà tó sì di aago kan ọ̀sán, ó pa ààrò, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ sí pálọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní imú.

"Ṣé wọ́n ti dé?" ló kọ́kọ́ béèrè.

"Bí wọ́n bá ti dé, ṣé o ò ní gbọ́ ariwo mi ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. "Láti aago mọ́kànlá ni mo ti ń yọjú níbí. Ọrùn ti ń ro mí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n ń pè ní Bàbá Òkun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń se oúnjẹ fún ogójì ọkùnrin tí ebi kì í yé pa. Ohun tó sì fi ń yangàn láyé yìí kò ju ahọ́n rẹ̀ lọ. Ó ní òun lè tọ́ ọbẹ̀ wò kí òun sọ iye ìgbà tí wọ́n bu iyọ̀ sí i. Ó ní òun lè tọ́ omi òkun wò kí òun sọ ibi tí ọkọ̀ dé, láìwo ojú ọ̀run. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní irọ́ ni, wọ́n dán an wò, gbogbo wọn ló sì pàdánù tábà wọn sí i lọ́wọ́.

Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ibà kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó kó adùn gbogbo nǹkan dání. Ata kò ta á lẹ́nu, ṣúgà kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, oúnjẹ gbogbo di páálí. Dókítà ní kó ní sùúrù, pé ahọ́n rẹ̀ yóò jí. Bàbá Òkun kò gbà á gbọ́. Ó fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó kó wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Kò sí ohun tí Ìyá Èènì kò gbé síwájú rẹ̀ tán. "Ó dáa," ni yóò sọ lẹ́yìn òkèlè kan, yóò sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ "ó dáa" yẹn dun obìnrin náà ju èébú lọ. A máa sunkún lórí ìyẹ̀fun tó ń pò, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, yóò ní èéfín ni.

Ẹja ló gbé e dìde. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, kì í ṣe ẹja, iyọ̀ ẹja ni.

Ọmọ Ìyá Èènì obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ló rí àpótí ẹja onígíláàsì kan tí wọ́n fẹ́ kó dànù níbi iṣẹ́. Ó gbé e wálé, ó ní bóyá ojú Bàbá Òkun á rí nǹkan míì wò yàtọ̀ sí ògiri. Ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní ìpẹ̀kun òpópónà ta iyọ̀ òkun fún wọn. Ó ní gíráàmù márùndínlógójì ni kí wọ́n fi sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí omi náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Igba lítà omi ni wọ́n dà sínú àpótí náà. Ìyá Èènì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ sílẹ̀ fún òun, pé iṣẹ́ òun ni. Kọ́ọ̀bù rẹ̀ kan gba ọgọ́rùn-ún gíráàmù géérégé. Àádọ́rin kọ́ọ̀bù ló dà sínú omi, ó ń kà á sókè ketekete, kò sì fo ọ̀kan.

Nígbà tí iyọ̀ náà yòrò tán lọ́jọ́ kejì, Bàbá Òkun wọ́ ẹsẹ̀ jáde nínú yàrá. Ó ti ìka kan bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Ó dúró. Ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Àbúrò," ó ní. "Iyọ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu! Òkun tóóró tó wà láàárín aṣálẹ̀ méjì yẹn nìyí, níbi tí oòrùn ti máa ń bó wa lẹ́yìn. Òun gan-an ni! Ahọ́n mi ti jí!"

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin náà kò dojú kọ ògiri mọ́. Lóòótọ́ ni oúnjẹ kò tíì padà dùn lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ iyọ̀ ti padà, ó sì gbà pé èyí tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Àràárọ̀ ló ń tọ́ omi náà wò. Òun ló to òkúta sínú àpótí, òun ló yan ẹja. Ẹlẹ́ja tiẹ̀ fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń léfòó, tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ṣe èènì iyọ̀ tí wọ́n rà, àmọ́ Bàbá Òkun kò jẹ́ kí wọ́n tú u nínú páálí. "Kí la fẹ́ fi ìgò ṣe nígbà tí ahọ́n wà?" ó ní. Wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀bẹ tó ti kú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Ìyá Èènì lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ yan ẹja, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé, "Bí àwọn yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó ti parí nìyẹn o. Ẹ gbé mi padà sídìí ògiri mi." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì yọ ní igun òpópónà, ó gbé páálí mọ́ àyà, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ru ẹyin.

"Ó ń bọ̀!" Bàbá Òkun figbe ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lójú fèrèsé. "Nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹja ni àbí àkàn?"

"Ẹja ni o, Bàbá Òkun! Ẹja méjì!"

Wọ́n tú páálí, wọ́n tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn bí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rá omi kan ló jáde. Ẹja méjì wà nínú rẹ̀, àwọ̀ wọn rí bí èèpo ọsàn tó pọ́n, ìlà funfun mẹ́ta mẹ́ta sì yí wọn ká. Ọ̀kan gùn tó ìka àárín. Èkejì kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ, ó fara ti èyí tó tóbi gbágbáágbá.

"Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run," ni Ìyá Èènì sọ.

"Ẹlẹ́ja ní tọkọtaya ni wọ́n," Nọ́ọ̀sì ní. "Èyí tó tóbi ni ìyàwó."

"Ìyàwó ló tóbi?" Bàbá Òkun la ẹnu. "Á jẹ́ pé òun ni kápútẹ́nì. Kékeré yẹn, kúùkù ni. Ṣé mo lè rí kúùkù kí n má mọ̀ ọ́n ni? Ẹ wo bó ṣe ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀rá náà léfòó sórí omi inú àpótí láìtú u, kí omi méjèèjì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà. Nọ́ọ̀sì kọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára sí ìṣó kan; rọ́bà tuntun ni, kò tíì kan ara ẹnikẹ́ni. Èrò rẹ̀ ni pé kí omi ilé tuntun máa kán sọ́dọ̀ àwọn ẹja náà ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ara wọn lè mọ iyọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bàbá Òkun ti mú sísọ́ọ̀sì dání ní tirẹ̀.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u," ó ní. "A kì í dá kápútẹ́nì dúró ní èbúté."

"Ẹ dákun, ẹ mú sùúrù ná. Ẹlẹ́ja ní ká wọn iyọ̀ tiwa ká tó tú u, ká sì pe òun. Omi tiẹ̀ fúyẹ́. Ẹ wò ó, ó kọ ọ́ sára ọ̀rá: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní òun ń dín iyọ̀ kù kí kòkòrò má baà ráyè lára àwọn ẹja."

"Wọ̀n ọ́n, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀," Bàbá Òkun rẹ́rìn-ín. "Èmi ti wọ̀n ọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Nọ́ọ̀sì ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ìgò náà láàárín àwọn ọ̀bẹ. Ó bu omi àpótí sínú ife gíga, ó sì ju ìgò náà sí i. Ó léfòó, ó jó díẹ̀, ó dúró. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á. Ó nu ìgò náà, ó tún un dá padà, ó tún kà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde.

"Mọ́kànlélógójì," ó ní.

Márùndínlógójì ló yẹ kó jẹ́. Ẹja tó ti inú omi fúyẹ́ bọ́ sínú omi tó le tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ni yóò fa gbogbo omi ara rẹ̀ jáde, kò sì sí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè kán an bọ̀ sípò láàárín ọ̀sán kan. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n dájú. Ojoojúmọ́ ló ń rí ohun tí ara ọmọ kékeré máa ń dà bí omi bá tán lára rẹ̀.

Bàbá Òkun rọra gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Mo ní ó dára," ó ní. "Àràárọ̀ ni mò ń tọ́ ọ wò tí mò ń sọ pé ó dára. Kò sí nǹkan kan tí mo mọ̀ lẹ́nu. Mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Nọ́ọ̀sì, dá wọn padà fún ẹlẹ́ja, kí wọ́n tó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó yíjú sí ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ti ń wọ́lẹ̀.

Ìyá Èènì ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó sì ṣèèṣì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní orí ìka mẹ́ta: àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Ìka yòókù mọ́ tónítóní. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló yé e.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélógún sọ fún gbogbo ayé pé iyọ̀ ni iṣẹ́ òun. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá pa ẹnu mọ́, ìgò ni wọn ì bá dá lẹ́bi, tàbí ẹlẹ́ja, tàbí ahọ́n aláìsàn. Ojú tì í dé eegun. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn yàrá mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró! Èmi ni!"

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe é. Mo fi èènì sí i."

"Èènì kẹ̀? Ta lo fún ní èènì nínú omi ẹja?"

Ìyá Èènì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ike iyọ̀ tó kù wá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ìwọ̀n. Ó ní kí wọ́n máa wo ọwọ́ òun. Ó bu iyọ̀, ó fi ọ̀bẹ gé ẹnu kọ́ọ̀bù kó tẹ́jú, ó ní òun ti ṣe tán. Kó tó pa ẹnu dé, ìka mẹ́ta ti lọ síbi iyọ̀, wọ́n ti bu díẹ̀, wọ́n ti fi lé e lórí.

"Màámi!" Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ẹ tún ṣe é!"

"Mo mọ̀! Mo ń wò ó, mi ò sì lè dá a dúró!"

Nọ́ọ̀sì gba èènì náà, ó gbé e sórí ìwọ̀n. Gíráàmù mẹ́tàdínlógún. Ó fa àpò ìyẹ̀fun kan ya, ó ṣe ìṣirò sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Àádọ́rin kọ́ọ̀bù, àádọ́rin èènì. Bí a bá pín in fún igba lítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gíráàmù mẹ́fà lórí lítà kan. Márùndínlógójì àti mẹ́fà..."

"Mọ́kànlélógójì," ni Ìyá Èènì parí rẹ̀, ó bo ojú. "Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ dárí jì mí, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Bàbá Òkun, àmọ́ kò yọ. Ó mi orí. "O ṣeun tó o sọ ọ́, àbúrò. Àmọ́ ìyẹn ò yọ mí. Kúùkù tó bá ní ahọ́n ì bá ti mọ̀ pé ó ti jù."

Nọ́ọ̀sì ti ń wo nǹkan míì. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí ìgò náà, wọ́n ká a sí mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó tíì tú u rí. Ó tú u. "Wọ́n ní omi òkun kò rí bákan náà níbi gbogbo," ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, márùndínlógójì. Níbi tí òtútù pọ̀, tí odò púpọ̀ ti ń ṣàn wọnú òkun, kò tó mẹ́wàá..." Ó gbé orí sókè. "Bàbá Òkun, òkun wo lẹ ní omi yìí jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Èwo ni kí a tún máa bi mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ ọ́."

"Èyí tó wà láàárín aṣálẹ̀ méjì. Kí ló dé?"

"Ẹ wá fi ojú ara yín kà á."

Bàbá Òkun fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó nà án síwájú nítorí ojú rẹ̀ tí kò ríran nítòsí, ó fi ìka tọ ìlà náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan láìpariwo. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé sì gbọ́.

"Mọ́kànlélógójì! Mọ́kànlélógójì géérégé! Àbúrò, kí ni mo sọ?"

"Ẹ ti sọ ọ́! Ẹ mọ òkun náà gan-an!" ni Ìyá Èènì dáhùn.

"Mo ní òun gan-an ni! Mi ò sọ pé ó dára fún ẹja ẹnikẹ́ni, mo sọ ibi tí ọkọ̀ dé!"

Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń fò sókè, àwọn méjèèjì tí orúnkún ń dùn. Ìyá Èènì ń sunkún, kò sì tún ní èéfín ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ahọ́n náà ti ń sọ òótọ́, àwọn ni kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

"Ẹ̀yin àgbà," Nọ́ọ̀sì kígbe, "ẹja ṣì wà nínú ọ̀rá o!"

Ni gbogbo wọn bá tú ká. Nọ́ọ̀sì pe ẹlẹ́ja, ó fi ohùn fóònù sí gbangba. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ sókè, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Ẹ má dà wọ́n síbẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ po omi tó bá tinú ọ̀rá dọ́gba sínú nǹkan míì, ibẹ̀ ni kí ẹ tú wọn sí. Láti ibẹ̀, gíráàmù kan lóòjọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Níbo la ti fẹ́ rí àpótí kejì báyìí?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ọpọ́n ike tuntun tí mo rà fún ìyẹ̀fun pípò!" Ìyá Èènì ti bọ́ sọ́nà ṣọ́ọ̀bù. "Kò tíì kan ìyẹ̀fun rí. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí yàrá tí búrẹ́dì ti ń wú, ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru. Ìyẹ̀fun pàápàá, a kì í gbé e láti inú òtútù lọ sínú iná. A máa ń jókòó tì í ni."

Ogún lítà omi àpótí ni wọ́n bù sínú ọpọ́n náà. Kẹ́ẹ̀gì omi aláìníyọ̀ tí wọ́n ti jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀, wọ́n ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ ju ìgò sínú rẹ̀, Bàbá Òkun na ọwọ́ dí i.

"Ahọ́n ló kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀," ó ní. Ó tọ́ ọ wò. "Ó ṣì le." Wọ́n bu omi sí i. Ó tún tọ́ ọ wò, ó di ojú. "Díẹ̀ sí i." Wọ́n bu díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tu itọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ó tó."

Nọ́ọ̀sì ju ìgò sí i. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó ráyè yọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọpọ́n, Bàbá Òkun gé ẹnu ọ̀rá, ó fi abọ́ gba àwọn ẹja náà, ó sì rọra gbé abọ́ náà bọ omi. Kápútẹ́nì jáde tìyanu tìyanu, ó yí ọpọ́n náà po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń wo ilé tó fẹ́ gbà. Kúùkù ṣubú sísàlẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò mira.

Ọwọ́ Ìyá Èènì ti wà lórí ejìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń mọ̀ bó ṣe ń mí. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kápútẹ́nì rọra wẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó fi ẹnu gbá ọkọ rẹ̀ ní ìdí lẹ́ẹ̀kan, ṣàkà.

Kúùkù dìde.

"Ó gbọ́ ti ọ̀gá!" Bàbá Òkun ké. "Kúùkù kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́!" Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá iná ló ń jó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn ẹja náà fi gbé láàárín búrẹ́dì tó ń wú. Omi líle ń kán sí wọn láti inú rọ́bà Nọ́ọ̀sì, omi tí wọ́n bù nínú àpótí sì ni wọ́n ń fi omi aláìníyọ̀ rọ́pò, títí tí omi àpótí náà fi wálẹ̀ sí márùndínlógójì. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, Bàbá Òkun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń jí. Yóò tọ́ omi ọpọ́n wò, yóò pe iye, kí Nọ́ọ̀sì tó ju ìgò sí i. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó gbà á. Méjìdínlọ́gbọ̀n, ó gbà á. Ó ṣì í lọ́jọ́ karùn-ún, ó sì bínú títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ keje, ó mu tíì, ó tutọ́, ó bi Nọ́ọ̀sì bóyá ó fẹ́ fi ṣúgà pa òun ni. Kò tiẹ̀ mọ ohun tí òun sọ. Nọ́ọ̀sì sáré wọ kíṣìnì lọ sọ fún ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì di ara wọn mú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n gbé wọn wọ àpótí. Kápútẹ́nì lọ tààrà sábẹ́ òkúta tó tóbi jù, Kúùkù tẹ̀ lé e.

"Omi tuntun ti rú," Ìyá Èènì ní.

"Ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Èènì wà nídìí ìyẹ̀fun nígbà tí Bàbá Òkun wọlé. Ó ti sán aṣọ kúùkù rẹ̀ mọ́dìí, èyí tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kò kí i. Ó já ìyẹ̀fun pípò díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Iyọ̀ ti jù," ó ní. "Kọ́ọ̀bù mẹ́fà, èènì mẹ́fà."

Ìyá Èènì ka kọ́ọ̀bù náà lọ́kàn. Mẹ́fà ni lóòótọ́. Ó ronú sí gbogbo omi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mu láti ọdún mọ́kànlélógún, ó pòṣé, ó sì bu ìyẹ̀fun sí i títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ní ó tó.

Nígbà tí búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, ó gé ègé kan fún un. Ó yíjú sí ààrò, ó ń ṣe bí ẹni ń to páànù búrẹ́dì, ó ń dúró de "ó dáa" yẹn. Kò gbọ́ ọ. Nígbà tó wẹ̀yìn, ègé náà ti tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lá ìka, ó sì na ọwọ́ kejì sí i.

"Èènì mi dà?"